WSM di ọgọ́rùn-ún ọdún: rédíò tí adójútòfò bí, tí àwọn olùgbọ́ gbà sílẹ̀

Nígbà tí ọdún 2001 ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ kan gba ìgboro kan ní Nashville, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà: àwọn tó ni rédíò WSM fẹ́ yọ orin kọ́ńtírì, orin àwọn ará oko Amẹ́ríkà, kúrò lórí rẹ̀, kí ètò eré ìdárayá gba ipò náà. Ẹni tí kò mọ WSM lè béèrè pé kí ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, ṣebí rédíò a máa yí ètò padà. Ṣùgbọ́n WSM ló bí Grand Ole Opry, ètò orin alẹ́ Sátidé tó ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1925, tí kò sì sí ètò rédíò mìíràn ní Amẹ́ríkà tó pẹ́ tó o. Ẹni tó bá yọ kọ́ńtírì kúrò lórí WSM ti yọ ìyáàlù kúrò láàrin dùndún.

Inú bí àwọn olùgbọ́. Lẹ́tà ń wọlé, fóònù kò dákẹ́, àwọn kan sì gbéra lọ dúró síwájú ilé-iṣẹ́ náà láti fẹ̀hónú hàn, tolórin tolùgbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, Gaylord, ilé-iṣẹ́ tó ni WSM nígbà náà, kéde pé kọ́ńtírì kò lọ mọ́.

Kò wọ́pọ̀ kí olówó gbé ìpinnu kalẹ̀ kí ará ìlú sì dá a padà sí i lọ́wọ́. Mo gbà pé ariwo nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ohun tó gba WSM sílẹ̀ lọ́dún 2002 ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ta ló bí i?

Adójútòfò ni. National Life and Accident Insurance Company ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ní Nashville. Àwọn mẹ̀kúnnù ni oníbàárà wọn, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àgbẹ̀ tí kò lè san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣojú ilé-iṣẹ́ a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa gba sẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, a sì máa kọ ọ́ sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí alájọ ṣe máa ń yí àdúgbò ká nílé wa. Edwin Craig, ọmọ ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ni rédíò kó sí lórí. Ó rọ àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ títí wọ́n fi gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1925, WSM bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti àjà karùn-ún ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà, pẹ̀lú agbára 1,000 wáàtì. Lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ pàápàá, ìpolówó ọjà ni: We Shield Millions, ìyẹn ni pé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló wà lábẹ́ ààbò àwọn.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba George D. Hay láti Chicago, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kó tó dé. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, Hay gbé bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Uncle Jimmy Thompson síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni bàbá yìí, fáyólìn ló ń ta, orin oko ló sì ń fi í kọ. Kí alẹ́ ọjọ́ náà tó parí, àwọn èèyàn ti ń béèrè sí i.

Ojú ti àwọn ọ̀tọ̀kùlú Nashville. Ìlú wọn ń pe ara rẹ̀ ní Áténì ti Gúúsù, wọ́n ní yunifásítì, wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé kan tó dà bí tẹ́ńpìlì àwọn Gíríìkì sí ọgbà ìgbafẹ́ wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi orin àwọn ará oko ṣe? Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò dá wọn lóhùn, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó rí. Àwọn tó ń san owó àdójútòfò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọ̀tọ̀kùlú. Àwọn tó ń fẹ́ fáyólìn Uncle Jimmy ni. Nígbà tó yá, tí aṣojú bá kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀ kan ní Alabama tàbí Kentucky, tó bá ti ní láti ilé-iṣẹ́ Grand Ole Opry lòun ti wá, wọ́n á fún un ní àga. Fún ọdún mélòó kan, ọwọ́ àwọn aṣojú yìí gan-an ni èèyàn ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láti wọlé wo eré náà.

Orúkọ Grand Ole Opry jáde lọ́dún 1927. Ètò orin ọ̀páàrà àwọn ọ̀mọ̀wé ló máa ń ṣáájú tiwọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Hay wọlé lẹ́yìn ètò yẹn, ó ní wọ́n ti gbọ́ ọ̀páàrà ńlá tán, ó tó àkókò fún ọ̀páàrà ti àwọn, ó sì pe orúkọ rẹ̀ bí ará oko ṣe ń pè é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fun orin tán kí Hay tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni DeFord Bailey. Ó fi hàmóníkà dún bí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bọ̀ láti òkèèrè, tó kọjá lójú ẹni, tó sì rìn jìnnà lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ DeFord Bailey, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn WSM ti máa ń dùn mí jù. Aláwọ̀ dúdú ni. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un lọ́mọdé, kò sì ga. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí olùgbọ́ fẹ́ràn jù ni lórí ètò yìí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni, torí rédíò kì í fi awọ ara hàn. Nígbà tí òun àti àwọn olórin yòókù bá jáde lọ ṣeré ní ìlú mìíràn, òtẹ́ẹ̀lì tó gbà wọ́n kì í gbà á. Ní ọdún 1941, ìjà lórí owó orin wáyé láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin. Àwọn orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Bailey bọ́ sínú àwọn tí rédíò kò gbọdọ̀ lò. Wọ́n ní kó mú tuntun wá. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá a dúró. Ó padà sí ìdí bàtà dídán ní Nashville, ìlú tó bá wọn fi hàmóníkà sọ di ńlá. Ó kú lọ́dún 1982, ọdún 2005 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Ọlá Orin Kọ́ńtírì. Ẹ má sì gbàgbé pé bánjò, ohun èlò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ti òyìnbó oko pátápátá, àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ sọdá òkun.

Òkòtó ní Brentwood

Ní ọdún 1932, agbára WSM di 50,000 wáàtì, wọ́n sì gbé òpó tuntun kan ró ní Brentwood, ní gúúsù ìlú. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 878, kò sí òpó rédíò tó ga tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Wọ́n padà gé e kù sí 808 lọ́dún 1939. Ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó fẹ̀ ní àárín, ó tún tín-ín-rín lókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé òkòtó ńlá kan ló dúró lórí ṣónṣó rẹ̀, tí okùn irin ń dì í mú kó má ṣubú.

Ohun tí òpó yìí ṣe kò ṣeé fojú kéré. Ìgbì AM, irú èyí tí WSM ń lò, a máa rìn lórí ilẹ̀ lọ́sàn-án, kì í sì í jìnnà púpọ̀. Tí oòrùn bá wọ̀, apá kan nínú òfurufú lókè lọ́hùn-ún a yí padà, ìgbì tó bá kàn án a ta padà sílẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí orísun rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ti ya ojú ìgbì 650 sọ́tọ̀ fún WSM lóru, kí rédíò mìíràn má bàa dí i lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Sátidé, àgbẹ̀ tí kò tíì ní iná mànàmáná lè fi rédíò alábátìrì gbọ́ Nashville láti etíkun Gúúsù títí dé Kánádà. Ní ọdún 1980 ni ìjọba dín ààbò yìí kù sí nǹkan bíi 1,200 kìlómítà, kí rédíò mìíràn lè rí àyè níbi tó jìnnà.

Láti ibẹ̀ ni ìlú ti yí padà. Àwọn òṣèré tó di ìlúmọ̀ọ́ká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Opry: Roy Acuff dé lọ́dún 1938, Bill Monroe lọ́dún 1939, Minnie Pearl lọ́dún 1940. Ilé-iṣẹ́ rédíò NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdajì wákàtí nínú ètò náà káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún 1939, ilé-iṣẹ́ tábà kan ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 1943, eré kó lọ sí Ryman Auditorium, ilé ìjọsìn tí ọ̀gákọ̀ ojú omi kan kọ́ lọ́dún 1892, tó ṣì ní àga gbọọrọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Èèyàn á jókòó pẹ́kípẹ́kí nínú ooru, abẹ̀bẹ̀ á máa fì lọ fì bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbajúgbajà olórin kọ́ńtírì, Hank Williams, kọrin níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 1949. Àwọn ẹnjiníà WSM ló dá ọ̀kan lára àwọn sítúdíò ìgbohùnsílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nashville sílẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ WSM kan, David Cobb, ló kọ́kọ́ pe Nashville ní Ìlú Orin lórí afẹ́fẹ́ lọ́dún 1950, orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ títí dòní. Ilé àwo orin, àwọn tó ń tẹ orin jáde, àwọn olùdarí olórin, gbogbo wọn tẹ̀ lé òpó yẹn wá ni, bí ọjà ṣe máa ń dúró sí oríta tí èrò ti pọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́. WSM kì í ṣe rédíò kọ́ńtírì láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà náà. Láàrin ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ́ olórin aláṣọ kóòtù ló ń ṣeré níbẹ̀, ìròyìn ń lọ, ètò ẹ̀sìn ń lọ. Sátidé ni ti kọ́ńtírì. Láti ọdún 1957, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ralph Emery wá ń fi àwo kọ́ńtírì kọrin fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù láti òru mọ́jú. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni kọ́ńtírì tó gba gbogbo ọjọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá kan bá jókòó lọ́dún 2001 tó ní rédíò yìí lè yí padà, kò parọ́ nípa ìtàn. Ó ti yí padà rí.

Àwa náà mu nínú omi yìí láìmọ orísun rẹ̀. Kò sí ìgbì AM tó ti Tennessee dé Ìbàdàn, àwo orin ló gbé e wá. Jim Reeves, tó wọ ẹgbẹ́ Opry lọ́dún 1955, ni ohùn ọ̀sán Sunday ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ohùn tí rédíò tiwa náà ń lò nígbà ọ̀fọ̀ àti nígbà Kérésì. Ọkọ̀ òfurufú tó pa á ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964 já ní agbègbè Brentwood, níbi tí òpó WSM wà. Nígbà tí King Sunny Adé sì fi Demola Adepoju sí ìdí gìtá onírin tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, èyí tó máa ń ké bí ẹni ń sunkún nínú orin kọ́ńtírì, jùjú gbà á mọ́ra bí ọmọ ilé.

Àwọn ọdún tó le

Orin rọ́ọ̀kì kó àwọn ọ̀dọ́ lọ láti àárín àwọn ọdún 1950. Tẹlifíṣọ̀n kó alẹ́ Sátidé lọ. FM, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara ju ti AM lọ, wá kó orin fúnra rẹ̀ lọ. WSM kò sùn o: ó ti dá FM tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1941, ó ṣí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nashville lọ́dún 1950. Adúgbò Ryman ń bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì wo ibòmíràn. Wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan, Opryland, lẹ́bàá odò Cumberland lọ́dún 1972. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1974, eré kó lọ sí ilé tuntun nínú ọgbà náà, Ààrẹ Nixon sì wà níbẹ̀. Wọ́n gé igi pátákó róbótó kan láti orí ìtàgé Ryman, wọ́n fi sí àárín ìtàgé tuntun, kí olórin lè máa dúró sórí igi tí àwọn tó ṣáájú dúró sí. Nǹkan tó dára gan-an ni wọ́n ṣe yẹn.

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó tóbi jù wọ́n lọ láti Texas rà wọ́n. Àwọn yẹn kò rí ohun tí rédíò àti ọgbà ìgbafẹ́ fẹ́ bá wọn ṣe, wọ́n sì tà á fún Gaylord láti Oklahoma ní 1983. Àwọn aṣojú kò kan ilẹ̀kùn mọ́. WSM kò polówó àdójútòfò mọ́, òtẹ́ẹ̀lì àti ọgbà ìgbafẹ́ ló ń polówó.

Gaylord ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1997, wọ́n ta ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kọ́ńtírì wọn, wọ́n sì ti ọgbà Opryland pa nígbà tí ọdún náà parí. Ilé ìtajà ńlá ni wọ́n kọ́ sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Nashville kò tíì dárí ji ẹni tó pa ọgbà yẹn rẹ́, ẹ̀dùn ọkàn náà ṣì tutù nígbà tí ọ̀rọ̀ WSM dé lọ́dún 2001. Ọ̀gá tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé-iṣẹ́ náà, gbèsè ń bẹ nílẹ̀, wọ́n ń wo ohun gbogbo tí wọ́n ní láti mọ èyí tó ń pa owó wọlé. Lójú ìwé ìṣirò, èrò eré ìdárayá kò burú. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, AM ti di ilé ọ̀rọ̀ àti eré bọ́ọ̀lù, orin ti sá lọ sí FM. Rédíò tó ní 50,000 wáàtì sì ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí ìwé ìṣirò kò kọ sílẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ wá kà sétí wọn. Àwọn tó ń bínú níwájú ilé-iṣẹ́ yẹn ni èèyàn tó ń wa mọ́tò láti ìpínlẹ̀ mìíràn wá sí Nashville, tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Opry, tó ń sun òtẹ́ẹ̀lì Gaylord, tó ń jẹun níbẹ̀, tó ń ra fìlà lọ sílé fún ọmọ-ọmọ. WSM ló ń pè wọ́n lálaalẹ́. Tí rédíò náà bá di ti bọ́ọ̀lù, ta ló kù tí yóò máa pè wọ́n? Ojú mi ni mo fi wò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Gaylord ṣe ní 2003: wọ́n ta rédíò FM méjèèjì tí wọ́n ní fún ilé-iṣẹ́ rédíò Cumulus, èyí tí gbogbo ayé ń sọ pé ó lérè jù, wọ́n sì di AM ogbó náà mú. Bí Edwin Craig ṣe fi fáyólìn wá oníbàárà lọ́dún 1925 nìyẹn. Olùgbọ́ àti oníbàárà kò yà kúrò lára ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni omi dé. Ní ọjọ́ 1 àti 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, òjò tó lé ní íńṣì mẹ́tàlá rọ̀ sórí Nashville. Odò Cumberland kún bo ilé Opry, omi lórí ìtàgé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Sítúdíò WSM tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì Opryland kò ṣeé dúró sí. Àwọn òṣìṣẹ́ kó ohun tí wọ́n lè kó, wọ́n sá lọ sí ilé kékeré tó wà nídìí òpó ní Brentwood, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ibẹ̀. Eré Opry kò dúró, wọ́n ń gbé e láti gbọ̀ngàn kan sí òmíràn nínú ìlú, ó sì padà dé Ryman fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí omi fà, wọ́n yọ pátákó róbótó yẹn, wọ́n tún un ṣe, ó sì ti padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí ilé náà tún ṣí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà kòrónà lọ́dún 2020, àga ṣófo ni wọ́n kọrin fún, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, rédíò sì ń gbé e jáde.

Gaylord ti yí orúkọ padà sí Ryman Hospitality Properties láti 2012, òwò òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe ní gbangba báyìí. Ní 2022, wọ́n ta ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀ka eré rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Atairos àti NBCUniversal. NBC náà ló gbé àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún Opry sáfẹ́fẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2025.

Ẹ̀rù tó kù ń ti inú mọ́tò bọ̀. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ oníná máa ń dí AM lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣe mọ́tò kan sì ti ń yọ AM kúrò nínú ọkọ̀ tuntun wọn. Láti 2023 ni àwọn aṣòfin ní Washington ti ń gbé àbá òfin kan kiri tí yóò fi dandan mú wọn láti dá a padà. WSM ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó lè fi fóònù gbọ́ ọ báyìí, láìdúró de kí ilẹ̀ ṣú. Ìyẹn dára. Síbẹ̀, fóònù kì í ṣèèṣì bá èèyàn pàdé lójú ọ̀nà lóru bí 650 ṣe ń ṣe, nígbà tí awakọ̀ bá ń yí bọ́tìnnì rédíò kiri tí kò mọ ohun tó ń wá.

Òpó náà ti wọ ìwé àwọn ibi ìtàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú láti ọdún 2011. Ó ṣì dúró lórí ṣónṣó rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Brentwood, iná pupa lórí rẹ̀ lóru, ilé kékeré tí wọ́n sá wọ̀ nígbà omíyalé sì wà nídìí rẹ̀.